Ẹ̀kọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Parí

Mojọlá mọ Faransé, ó mọ Jùlá, ó sì ń gbọ́ Baoulé díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò mọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ Lawrence ní Sokoura, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, nínú yàrá tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Oyèkàn, ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ bí lọ́jọ́ kan náà, wà ní ìlú òyìnbó níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ti bá a wá iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú kan náà. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ yóò bá Mojọlá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí oṣù karùn-ún tó parí. Wọn kì í pe ẹni tí ó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì.

"Oyèkàn ní ọjọ́ tí ẹ bá ti sọ pé mo ti tó, ọjọ́ náà lòun máa gba rendez-vous ìpè náà fún mi," ó wí. "Ọwọ́ yín ló kù sí, tísà."

Lawrence kò tíì pé ọdún kan tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn arúgbó òyìnbó máa ń sọ lójoojúmọ́. "Get up" ni kí ènìyàn dìde lórí ibùsùn. "Put on" ni kí ó wọ aṣọ. "Take off" ni kí ó bọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ kékeré tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti yí padà, ìtumọ̀ rẹ̀ á gba ibòmíràn lọ. "Look after" ni kí a tọ́jú ènìyàn, "look for" ni kí a máa wá a.

"'Take your shoes off,'" Mojọlá kà á jáde. "Kí ló dé tí wọ́n la ọ̀rọ̀ sí méjì, tí wọ́n wá ti bàtà bọ àárín?"

"Àwa náà ń ṣe é. A ní 'ba aṣọ jẹ́.' Àárín 'bàjẹ́' la ti aṣọ bọ̀ yẹn."

"Bíi 'rẹ́ mi jẹ' nìyẹn," Mojọlá wí, ó rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹta, Agnes, ìyá rẹ̀, wá bá Lawrence. Opó ni. Ó ń ta ike àti garawa lọ́jà, Mojọlá ló sì ń bá a gbé ẹrù, tí ó ń bá a dáná, tí ó ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀. Agnes ti ilẹ̀kùn kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Tísà, Mojọlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán, àbí?"

"Ó kù díẹ̀, mà. Orí rẹ̀ pé."

"Ẹ má jẹ́ kó tán." Ó sún mọ́ tábìlì. "Oyèkàn ò sí níbi tó rò pé ó wà."

Lawrence wò ó. "Ó ti kú?"

Agnes mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. "Láti ìgbà ọyẹ́. Franck, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń bá Mojọlá sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé òun ni Oyèkàn. Ìbejì ni wọ́n, ẹ sì mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé."

Lawrence mọ̀ ọ́n. Ní agboolé tiwọn, wọ́n sọ fún Kẹ́hìndé kan pé Táyé rẹ̀ rìnrìn-àjò, ọmọ náà sì dàgbà tán kí ó tó mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ ti kú, kí ó má baà tẹ̀ lé e.

"Iṣẹ́ tó bá a wá ṣì ń dúró dè é," Agnes wí. "Bí ẹ bá ní ó ti tó, á lọ, sàárè ló sì máa bá níbẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, títí kan pásítọ̀. Òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́."

Àánú wọn ṣe Lawrence débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Kò ṣòro láti má parí, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí kò lópin. Bí Mojọlá bá ti mọ "get up," Lawrence á gbé "get by" dé, kí a máa fi díẹ̀ gbọ́ bùkátà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "get over," kí ìbànújẹ́ tán lára ènìyàn. Ó ń dá a dúró lórí ohun tí ó dá òun lójú pé Mojọlá ti mọ̀.

"Mo ti tó, tísà?"

"Kò tíì tó."

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Mojọlá wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Oyèkàn kí yín. Ó ní ohùn mi ti ń jọ ti ìyá òyìnbó tóun ń tọ́jú."

Lawrence yíjú sí pátákó. Irọ́ Franck yìí ti wá pọ̀ jù lójú rẹ̀. "Bá mi kí i," ó wí.

Nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, Mojọlá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣàìsàn tí ó sì kú. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kékeré kankan lò. Lẹ́yìn náà ni ó padà sí Yorùbá.

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń pa ètò iṣẹ́ náà dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbìyànjú."

"Kò tíì tó, Mojọlá."

Ó gbé orí lé tábìlì, ó sì sunkún títí. "Yako," bí wọ́n ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀, ni gbogbo ohun tí Lawrence lè sọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, Agnes fi iṣu ìlú Botro ránṣẹ́ sí i. Lawrence jẹ ẹ́ tọkàntọkàn, nítorí ó gbà pé òun ti gba ẹ̀mí ènìyàn là.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nínú òjò, ọkùnrin kan tí ojú àti ètè rẹ̀ jẹ́ ti Mojọlá gẹ́lẹ́ kan ilẹ̀kùn yàrá náà, àpótí ìrìn-àjò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí Lawrence dáadáa, ó sì ní, "Tísà, èmi ni Oyèkàn, gbogbo ọjọ́ Àìkú lèmi àti ìkejì mi ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ló wá kù tí kò mọ̀?"