Rangarirai Dán Ẹnu Ìbọn Kan Wò, Ó Fi Èkejì Sílẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó bá ti ń rò pé òun mọ̀ tán. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

1.

Ọdẹ ni Rangarirai ní Kanyemba, létí odò Zambezi. Ọdún mẹ́ta ló fi retí ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ó ní kí wọ́n rọ fún òun nílẹ̀ Austria, irú èyí tí a fi ń pa erin àti ẹfọ̀n. Wọ́n wọn gígùn apá rẹ̀, wọ́n wọn èjìká àti ọrùn rẹ̀, kí ìdí ìbọn lè bá a mu bí bàtà ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu. Wọ́n bi í pé irú ọta wo ni yóò máa lò, nítorí irú ọta kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yìn wò bí wọ́n ṣe ń so ẹnu méjèèjì pọ̀, kí ti ọ̀tún àti ti òsì lè máa ba ojú kan náà. Ó yan ọta tó wúwo. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé: "Má ṣe pààrọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí ìbọn dé, bébà kan bá a wá. Ihò ọta mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ kan ara wọn. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ló yìn ín bẹ́ẹ̀, lọ́hùn-ún nínú òtútù. Rangarirai gbé bébà náà kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó ń fi í han àlejò bí ẹni pé òun ló yìn ín.

2.

Kò pẹ́ tí ọta tó wúwo náà fi sú u. Ó ní, "Ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Èyí tó ń sáré ni mo fẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ọta tirẹ̀ nílé: orí rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀tù inú rẹ̀ sì pọ̀.

Òun àti Sekuru Mavhunga jọ lọ dán an wò. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Sekuru, òun ló sì ń bá a tọ ipasẹ̀ ẹran. Rangarirai lẹ bébà mọ́ òkìtì ọ̀gán, ó ka àádọ́ta ìṣísẹ̀, ó yin ẹnu ọ̀tún. Ọta yà sí òsì. Ó fi òòlù kékeré lu irin ìfojúsùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó tún yìn ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ba àárín gan-an. Ló bá ń ti ìbọn bọ àpò.

"Ẹnu kejì ńkọ́?" ni Sekuru wí.

"Ìbejì ni wọ́n, Sekuru. Tí ọ̀kan bá jẹun, èkejì ti yó."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ọmú kan náà ni èmi àti ìyá ẹ mu. Wo bí òun ṣe gbọ́n, kó o wá wo èmi."

Rangarirai rẹ́rìn-ín. "Ariwo ìbọn ló ń bà yín lẹ́rù. Ẹ lọ bá àwọn obìnrin ro ọkà sadza."

"Tí mo bá ro ó, ọjọ́ yẹn ni wàá kọ́kọ́ yó láyé ẹ. Ṣùgbọ́n yin ẹnu òsì."

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ máa ń bú ara wọn ṣeré látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Inú àwàdà ni Sekuru ti kìlọ̀, inú àwàdà náà ni Rangarirai sì fi í sí. Kò yin ẹnu òsì.

3.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹfọ̀n kan tí okùn pàkúté ti dá lọ́gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn obìnrin nínú oko etí odò. Àwọn olùṣọ́ ẹranko igbó ní kí Rangarirai wá pa á.

Sekesai, ìyá Rangarirai, di apá aṣọ Sekuru, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mú. "Ẹ̀yin nìkan ló kù mí kù nínú ọmọ ìyá. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Kí ni ẹfọ̀n fẹ́ fi ẹran gbígbẹ ṣe?"

Wọ́n bá a nínú koríko. Rangarirai yin ẹnu ọ̀tún. Ọta bà á léjìká, kò ṣubú. Ẹfọ̀n yíjú, ó rí Sekuru, ó sì kọjú sí i tààrà. Rangarirai fojú sùn ún dáadáa, ó yin ẹnu òsì. Ẹ gbọ́ o: eruku ló sọ, lápá ọ̀tún ẹran náà. Ọta ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Sekuru, ẹ sá!"

Igi oṣè kan wà nítòsí tí inú rẹ̀ ti dihò. Bàbá arúgbó náà ń fún ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀ nígbà tí ìwo gbá a níhà. Ó wọlé tán, ẹfọ̀n wá ń fi orí gbá igi náà, gbì! gbì! Rangarirai ṣí ìbọn, ọta kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti èkejì bọ inú rẹ̀, ó sáré lọ títí ó fi ku ìṣísẹ̀ márùn-ún, níbi tí kò ti sí pé à ń fojú sùn. Ó yìn ín. Ẹfọ̀n wó lulẹ̀.

"Sekuru!"

Ó sáré dé ẹnu ihò igi.

"Sekuru, mo bẹ̀ yín, ẹ dá mi lóhùn!"

Ohùn kan ti inú igi jáde wá: "Ṣé òun ló kú ni, àbí ìwọ?"

"Òun ni."

"Yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Fi ti ọ̀tún o."

Rangarirai jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

4.

Egungun ìhà Sekuru méjì ló ṣẹ́, dókítà ní yóò san. Rangarirai yin ẹnu òsì sí bébà lọ́jọ́ kejì: ó fi ìbú ọwọ́ méjì yà sí ọ̀tún. Ọta tó pààrọ̀ kò jẹ́ kí ẹnu méjèèjì ba ojú kan náà mọ́, irin tó lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ti ọ̀tún sì tún mú ti òsì jìnnà sí i. Ó da gbogbo ọta tó dì nílé nù, ó padà sí èyí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà. Ó dá irin padà sí ojú rẹ̀, nígbà tí ara Sekuru sì yá, ó yin ẹnu méjèèjì lójú rẹ̀, léraléra, títí Sekuru fi ní ó tó.

Ní ti Sekesai, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ délé, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó tì í, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ka ti ọmọ tuntun. Ó kà á dé mẹ́wàá, ó mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín. Ohun tí ẹ̀mí ènìyàn bá rọ̀ mọ́, ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò, kì í ṣe apá tó wù yín. Bí àgbà bá sì fi ẹ̀rín kìlọ̀ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì ṣe ohun tó wí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.