Òtítọ́ Kò Ráyè Nínú IRE

Akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣòwò kọ ìlànà wọn sójú pátákó ní yàrá ìpàdé ní Al Majaz, nílẹ̀ Lárúbáwá: Ìfẹ́, Ríran ara wa lọ́wọ́, Ètò, Òtítọ́.

“Lẹ́tà iwájú wọn la ó máa pè,” ni alága, Alhaja Rodiat, wí. “IREO. Kí ni wọ́n ń pè ní IREO? Nu ti ìkẹyìn kúrò, kó jẹ́ IRE, khalas, ó parí.”

Akọ̀wé gbé dọ́sítà, ó kọjú sí pátákó, ṣùgbọ́n kò nu nǹkan kan. Àmúsà jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ ti gba iṣẹ́ kíkó ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀, torí ẹrù Ganiat, ọmọ ẹgbẹ́ kan, tí kò bá kọ̀ntéínà dé Èkó. Akọ̀wé ló sì yọ ẹrù náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ní Al Quoz, kí ẹrù tiẹ̀ lè ráyè. Wọ́n bú Àmúsà lójú akọ̀wé, akọ̀wé ò jẹ́wọ́.

“Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni akọ̀wé wí.

Àmúsà dìde, ó rọra gba dọ́sítà, ó nu Òtítọ́ kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín ní Al Quoz lọ́jọ́ yẹn,” ó sọ ọ́ sí i létí. “Mo rò pé ẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́ ni.”

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún IRE.