Ìwé Pélébé Oṣù Kejìlá

Mùínátù, àbúrò Ràmọ́tà, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa, ní ọjọ́ kejì Iléyá ọdún 1987, nígbà tí a bi í léèrè ẹni tí wọ́n ń gbé odindi itan àgbò lọ fún. Bí ó ti sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ràmọ́tà àti Mosúnmọ́lá jọ lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Imusin. Mosúnmọ́lá máa ń gba ipò kìíní, Ràmọ́tà a gba ipò kejì. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n tún jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ní ọ̀nà tó jáde láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Tábìlì kan náà ni wọ́n ń lò: Ràmọ́tà ń ká ìwé, Mosúnmọ́lá ń fi wáyà rán an. Bí Iléyá bá dé, ẹran a lọ sílé Mosúnmọ́lá. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì a dé ilé Ràmọ́tà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1984, ọ̀gá tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, mú ètò mìíràn wá lórí àfikún owó oṣù. Ó fún olúkúlùkù ní ìwé pélébé kan. Ó ní kí wọ́n ro iṣẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń lo tábìlì, kí wọ́n kọ òǹkà kan fún un, láti oókan dé aárùn-ún, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Òǹkà náà ni òun yóò fi mọ iye tí òun máa fi kún owó ẹni náà. Kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ kọ ẹẹ́ta, kí ìjà má baà dé.

Ràmọ́tà kọ eéjì. Mosúnmọ́lá mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ dé.

Nígbà tí oṣù kìíní parí, wọ́n fi náírà mẹ́ta kún owó Ràmọ́tà, wọ́n fi mẹ́fà kún ti Mosúnmọ́lá.

“Kí lo kọ fún mi?” ni Ràmọ́tà bi í.

“Ipò kìíní ni mo fi ọ́ sí, Ràmọ́. Ta ni mo tún fẹ́ fi síbẹ̀?”

Ní oṣù kejìlá tó tẹ̀ lé e, Ràmọ́tà kọ ẹẹ́ta. Náírà mẹ́ta ni wọ́n tún fi kún owó rẹ̀. Àfikún Mosúnmọ́lá di mẹ́sàn-án.

Gbàdàmọ́sí tó ń ṣọ́ géètì ló wá dá kún un. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun rí Mosúnmọ́lá tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, tó sì pa ilẹ̀kùn dé.

“Ìyá Kúbúrátù, ẹ máa ká ìwé yín,” ló wí fún Ràmọ́tà. “Ẹni tó jókòó tì yín ti mọ ọ̀nà òkè.”

Láti ọjọ́ náà ni Ràmọ́tà ti ń ṣọ́ ọ. Ó ń wo bàtà tó rà, ó ń wo bí ó ṣe ń kí ọ̀gá. Bí Mosúnmọ́lá bá rẹ́rìn-ín, yóò máa ro ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ní Iléyá ọdún 1986, ẹran kò lọ. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Ràmọ́tà kọ aárùn-ún. Ó tẹ bírò mọ́ ìwé náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ìrẹsì Kérésìmesì dé síbẹ̀síbẹ̀. Ó gbé e fún aládùúgbò.

Wọ́n fi náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún owó Mosúnmọ́lá. Kò sí ẹni tó gba irú rẹ̀ nílé iṣẹ́ náà. Ti Ràmọ́tà kò kúrò ní mẹ́ta.

Ó fara dà á títí oṣù kejì fi parí. Lẹ́yìn náà ó wọlé tọ ọ̀gá, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ tábìlì òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

“Kí ni Mosúnmọ́lá fi ṣe yín?”

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tó ń ṣe fún yín, sà.”

“Ó wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́,” ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus wí. “Ó ní kí n jọ̀wọ́ fi kún owó yín. Mo ní ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà. Ó ní kò sí ibi tó tún ga ju ibi tí òun gbé yín sí lọ.”

Ó ṣí fáìlì kan, ó tẹ́ ìwé pélébé mẹ́ta sórí tábìlì. Ìkọ̀wé Mosúnmọ́lá ni Ràmọ́tà rí níbẹ̀: oókan, oókan, oókan.

“Òótọ́ ló ń sọ,” ni Ràmọ́tà wí. “Ipò kìíní ló fi mí sí. Ẹ̀yin lẹ rẹ́ mi jẹ, sà. Èmi fún un ní ipò karùn-ún, ìkẹyìn pátápátá, ẹ sì fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún tirẹ̀.”

“Máàkì ni, kì í ṣe ipò, aárùn-ún ló ga jù,” ni ọ̀gá wí fún un, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1987.