Kí Láníyì Tó Wọlé

Láníyì ló lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun ní Benin lọ́dún 1998, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ṣáájú rẹ̀ dé Ọ̀wọ̀. Igun rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú. Màmá Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá Láníyì, fi aṣọ nù ún, ó gbé e sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ọmọ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Sylvanus.

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní Láníyì ń wọlé," ó ní. "Ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lára ògiri káàkiri kó tó dé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ yìí ni kó tẹ̀ ẹ́."

Sylvanus, ọ̀rẹ́ Láníyì láti ilé-ìwé, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó so wáyà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tanná, kò mira.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Màmá, dráífà ló máa ń jíṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ yìí. Ó wà nínú díìsì Láníyì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó bàjẹ́ nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Ètò inú tuntun yìí yàtọ̀."

"Kọ́ ọ ní èdè tuntun. Ṣebí o kàwé."

"Ó ti le jù fún ìyẹn. Ó dà bí ọmọ Ọ̀wọ̀ tó já sí Benin tí ò gbọ́ Ẹ̀dó. A ò ní yí i padà, ògbufọ̀ la máa fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ṣé ògbufọ̀ ọ̀hún ò ní purọ́ báyìí?"

"Tó bá purọ́, pépà á tú àṣírí ẹ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. "Mo sọ fún Láníyì pé kó tún ti àtijọ́ ṣe. Kò gbọ́. Benin, Benin ṣáá."

Ibẹ̀ ni Sylvanus jókòó sí tó ń kọ ògbufọ̀ rẹ̀. Adétutù, aládùúgbò wọn, yọjú, ó ní àwọn kan nítòsí ilé-ìwé Poli lè tẹ ìwé náà kíá.

"Ẹ̀rọ tó fi bọ́ mi nìyí," ni Màmá wí. "Kí n wá lọ tọrọ ti ẹlòmíì?"

Adétutù rí báàgì lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ kí Láníyì tó wọlé?"

"Kó tó wọlé. Ilé ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Bá mi gbá yàrá Láníyì, kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síta, kí àyè gba àwọn tó ń bọ̀."

"Mo gbọ́, Màmá. Ilé ò ní ṣófo."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ náà ké ràràrà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Màmá dìde gìrì, bí ẹni tí ọmọ pè. Sylvanus fa pépà náà yọ, ó gbé e síwájú Màmá.

"Kà á fún mi," ni Màmá wí. "Mi ò mọ̀wé."

Ó kà á pé Láníyì, ọmọ Àbẹ̀ẹ́bí, tí jàǹbá ọkọ̀ pa lójú ọ̀nà Benin, ni wọn yóò gbé wálé lọ́la, tí wọn yóò sì sin. Màmá ká ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà sínú báàgì, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, torí ìyá kì í fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀.