Iná Tí Dẹ́rẹ́bà Ń Retí

Kẹ́n! Ẹ̀rọ dún, dẹ́rẹ́bà sì tẹ bọ́tìnnì. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò nílé ìwòsàn, wọ́n ti bo ojú òsì rẹ̀, ó wá ń fi ọ̀tún wo inú abọ́ funfun ńlá kan tí iná tíntìntín yẹ kó ti máa tàn káàkiri. Nọ́ọ̀sì ní kó máa tẹ bọ́tìnnì tó bá ti rí iná. Tó bá fìdí rẹmi níbí, wọn ò ní jẹ́ kó wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé inú baráàkì Ọ̀jọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kíyè sí i pé ẹ̀rọ máa ń dún kí iná tó tàn. Kẹ́n, ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ́n, ó tún tẹ̀ ẹ́.

“Bàbá,” nọ́ọ̀sì pè é, “ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ níbi tí iná ò ti tàn. Ẹ̀rọ yìí máa ń dún lásán nígbà míì, kó lè fi dán èèyàn wò. Mo ti pa ohùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.”

Dẹ́rẹ́bà tún tẹjú mọ́ abọ́ náà. Iná kan tàn láàárín, ó tẹ̀ ẹ́. Òmíràn tàn nítòsí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá ń retí ìyókù. Ó retí títí.

“Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “méjì tẹ́ ẹ fi ṣàpẹẹrẹ yẹn, mo rí wọn dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ ti fẹ́ jáde níléèwé.”

Nọ́ọ̀sì tú ohun tí wọ́n fi bo ojú òsì rẹ̀.

“Bàbá, a ti parí, gbogbo iná ti tàn tán. Ta la lè pè kó wá bá yín wa bọ́ọ̀sì?”