Ẹ̀rù Kò Gbọdọ̀ Ba Abiyamọ

Àjàní, ọmọ Mojísọ́lá, bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e. Bíi gbogbo abiyamọ ìlú náà, ó kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé etí ibùsùn ìkókó, kí ibùsùn lè sọ bóyá ọkàn ìyá balẹ̀ tó láti fún ọmọ lọ́mú. Iná pupa ló tàn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Mí kanlẹ̀ ná, kí o tún gbìyànjú."

Mojísọ́lá mí kanlẹ̀. Ó wá rántí obìnrin ilé kejì, tí àwọn aṣọ́mọ ìjọba gba ìbejì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó fún wọn lọ́mú lẹ́yìn tí iná pupa tàn, àyà rẹ̀ sì tún já. Iná náà wá pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mààmi. Wọ́n sì ní ẹ̀rù ìyá a máa ran ọmọ."

Àjàní ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Wàrà ti rin aṣọ ìyá rẹ̀ láyà. Kò lè fara dà á mọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń mu, ó di ìka rẹ̀ mú.

Ni àwọn aṣọ́mọ bá kan ilẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde. "Dá a padà síbẹ̀, ọmọ mi. Bí wọ́n bá bá a láyà rẹ, a ò ní rí i mọ́."

Mojísọ́lá já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ, ó tẹ́ ẹ sínú ibùsùn. Àjàní figbe ta. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ibùsùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Mojísọ́lá gan-an kọrin fún un. Ọmọ náà dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí ibùsùn, kò sì wo ojú ìyá rẹ̀ mọ́.