Òwú Tó Yí Sódì

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó di ẹnjiníà, ó gbọ́dọ̀ kọ́ afárá kékeré kan tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ náà ti sọ fún Ìbídùn pé, “Mo ti rí i.” Bó bá tún sọ ọ́ lónìí, ilé yá nìyẹn.

Ìbídùn gbé afárá tirẹ̀ kalẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi òwú dúdú kó bí irun.

“Ọmọ yìí, òdì lo yí òwú sí,” ni Ọ̀gbẹ́ni Fárónbí, olùkọ́ wọn, wí.

“Ẹ má bínú, sà. Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá àgbà tó kọ́ mi nírun kíkó.”

Wọ́n gbé bíríkì lé e. Ó tẹ̀, kò ṣẹ́.

Ẹ̀rọ ní, “N kò rí i rí. O yege. Níbo ni ẹni tó kọ́ ọ wà?”

Ìbídùn wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ìyá àgbà ti papòdà,” ó wí. “Ó ku èmi.”